Owó Tí Ó Lè Dúró De Kajú

Láti ìparí oṣù kejì ọdún títí wọ inú oṣù karùn-ún, owó kì í sinmi ní Parakou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Àsìkò kajú ni. Àwọn alárobọ̀ á di òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n á gba ọ̀nà Tchaourou, N'Dali àti Nikki wọ abúlé lọ. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn á jókòó sẹ́nu sítọ́ọ̀ nínú ìlú, wọ́n á bu kóró díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á là á sí méjì láti wo bí ọmọ inú rẹ̀ ti kún tó, kí wọ́n tó dárúkọ iye tí wọ́n máa san. Ẹni tó ti Kútọnu gbé owó wá ló ń pàṣẹ iye náà, kì í ṣe ẹni tó gbin igi. Nígbà tí òjò bá fi máa fìdí múlẹ̀, sítọ́ọ̀ ti ṣófo, tírélà ti kẹ́rù lọ, àgbẹ̀ ti padà sídìí ebè iṣu àti oko òwú rẹ̀.

Ìdí owó yìí ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ilé ìfowópamọ́ kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mò ń yá àwọn alárobọ̀ lówó, tí mo sì ń tọ̀ wọ́n dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọjọ́ ìsanwó bá pé. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa la kajú fúnra wọn ṣírò òwò wọn. Mo ti ka ìwé ètò ìdàgbàsókè tó pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ. Àwọn tó kọ wọ́n kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n orin kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ nípa ìlú bíi tiwa: ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ, ẹ kọ́ wọn níṣẹ́, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì so wọ́n mọ́ ọjà àgbáyé, ọgbọ́n tuntun á sì gbilẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ́n jù ní Parakou ni owó tó lè jókòó fún oṣù mẹ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀, tí yóò máa la 1,000 tọ́ọ̀nù kajú lọ́dún. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà: agolo ńlá tí a fi ń fi ooru omi sè é kí èèpo rẹ̀ lè ṣeé là, ẹ̀rọ ìlà tí obìnrin kan ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹ̀, ààrò tí a fi ń gbẹ ẹ́, tábìlì tí a ti ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀, àti ibi tí a ti ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí. Èyí tí ọjà òkèèrè ń pè ní W320, ọmọ kajú 300 sí 320 ló ń wọn pọ́n-ùn kan. Oró inú èèpo kajú máa ń bó èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi ìbọ̀wọ́ ṣeré. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣeé rà, iṣẹ́ wọn sì ṣeé kọ́. Ní Tourou, létí ìlú, iléeṣẹ́ Tolaro Global ti ń la kajú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò tún sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ ará Borgou, ẹkùn wa yìí, kò gba iṣẹ́ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dẹ́rù bani ni pé igi kajú kò mọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni kóró fi ń jábọ́, inú oṣù mẹ́ta náà sì ni iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ra gbogbo ohun tó máa là títí ọdún á fi yípo. Bí kílò kan bá jẹ́ 400 sẹ́fà, 400 mílíọ̀nù gbọ́dọ̀ ti jáde kí òjò tó dé. Tí a bá là á, tí a gbẹ ẹ́, tí a sì ṣà á tán, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló máa kù fún títà, bíi 200 tọ́ọ̀nù ó lé díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló sì máa tà, títí di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e. Tí a bá pín in dọ́gba, sẹ́fà kọ̀ọ̀kan á ti jókòó bí ìdajì ọdún kó tó padà wálé. Ní èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, mílíọ̀nù 24 ti lọ kí a tó san owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ilé ìfowópamọ́ kékeré ló ti yá a, níbi tí òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ti gbà kí èlé gòkè dé ìdá 24 (ti báńkì dúró sí 15), ó lè di mílíọ̀nù 48. Lórí kílò kọ̀ọ̀kan ọmọ kajú tó bá kó lọ sọ́jà, ó lé ní 200 sẹ́fà tó jẹ́ owó ìdúró lásán. Báńkì tó sì máa yá a kò ní wo kóró tó kún sítọ́ọ̀. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé ni yóò béèrè.

Ẹ wá wo ẹni kejì, tó máa ń ra kajú oníèèpo kó lọ sí Íńdíà tàbí Vietnam kí ìjọba tó fòfin dè é lọ́dún 2024. Ó rà á ní oṣù kẹta, ó dì í sínú kọ̀ǹténà, owó rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Owó dọ́là tí èlé rẹ̀ kéré sí tiwa ló fi ṣòwò. Ẹnu sítọ́ọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí, kóró kan náà ni wọ́n nawọ́ sí. Bí ẹni tó fẹ́ là á nílé bá gbójú lé ẹ̀rọ tuntun láti fi borí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Gbogbo ayé ló ń yin Vietnam pé wọ́n rọ ẹ̀rọ ìlà kajú tiwọn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn náà ni. Kóró tí ẹ̀rọ wọn ń là, ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń lọ. Wọ́n ní láti rà á lọ́nà jíjìn, kí wọ́n tò ó jọ, kí wọ́n sì fi gbogbo ọdún là á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan lára wọn, kó wo báńkì tó ń yá wọn lówó láti kó kóró pamọ́ kó tó wo ọ̀bẹ tó ń là á.

Ọ̀rọ̀ ìdúró kò ṣàjèjì sí ìlú yìí, torí ìdúró ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Kí ojú irin tó dé, àwọn oníṣòwò Wangara àti Dendi, àwọn Haúsá àti àwọn Yorùbá ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbí, láàárín àwọn Bàrìbá. Nígbà tí ojú irin láti Kútọnu dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 438, ibẹ̀ ló dúró sí. Wọ́n ti fẹ́ kó dé Niger, kò dé ibẹ̀ di òní. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin dúró, ẹrù ní láti dúró pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà ètò tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ẹ̀pà Niger bọ̀ láti ìhà Malanville ní ibodè, Parakou ni wọ́n sì ti ń kó o sínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1959 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ojú irin tó wá di OCBN sílẹ̀, tí Bẹ̀nẹ̀ (Dahomey nígbà náà) àti Niger jọ ni ín. Ẹrù tó dúró yìí bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu. Alágbàrù jẹ níbẹ̀, ọdẹ tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ jẹ níbẹ̀, ìyá oníyán tó ń gún iyán fún awakọ̀ jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ èrè ìdúró gan-an ni ẹni tó ni sítọ́ọ̀, tó sì ní báńkì lẹ́yìn, àwọn wọ̀nyẹn kì í sábà jẹ́ ará ìlú. Ojú irin náà ti dákẹ́ báyìí. Iléeṣẹ́ Bolloré àti Petrolin du iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ títí dé kóòtù, koríko ló jàǹfààní.

A ti gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀rọ náà rí. COTEB, iléeṣẹ́ aṣọ tó wà ní Parakou, kò jìnnà sí òwú rárá. Òwú yí i ká. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́, ó dáwọ́ dúró, ó tún ṣiṣẹ́, ó tún dáwọ́ dúró. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, pé iná kì í dúró, pé aṣọ òkèèrè àti òkìríkà ló pa á. Èmi fara mọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fi ọ̀kan kún un: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a ń kórè òwú náà, ilé ìfọ̀wú ní owó tí yóò fi rà á lójijì, iléeṣẹ́ aṣọ kò ní. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú dé, Caisse Nationale de Crédit Agricole wà nínú wọn. Àpérò gbogbogbòò ti oṣù kejì ọdún 1990 tún ìjọba ṣe. Kò sí àpérò tó tún ìgbẹ́kẹ̀lé nínú báńkì ṣe. Nínú àwọn abúlé tí mo ń lọ, àwọn àgbà ṣì ń fi ọjọ́ orí àwọn ọmọ wọn ka bó ti pẹ́ tó tí báńkì jẹ owó wọn.

Ẹ wá wo ohun tó tàn kálẹ̀ láìsí ìwé ètò kankan. Wàrà Fúlàní ni a mọ̀ ní Borgou tẹ́lẹ̀, èyí tí a fi mílíìkì màlúù ṣe. Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sóyà ṣe wàrà, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi ata wọ́n ọn. Báyìí, ó ṣòro kí o kọjá ilé ẹ̀kọ́ kan tàbí ibùdókọ̀ kan ní Parakou láìrí awo rẹ̀. Wọ́n tún fi sóyà ṣe irú dípò irúgbá tó ń wọ́n sí i. Kò sí àjọ kan tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ijó. Obìnrin kan ra sóyà ní àárọ̀ ní ọjà Arzèkè, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó tà á kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì fi owó náà ra òmíràn lọ́jọ́ kejì. Owó kan ṣoṣo yẹn á yípo ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ọdún. Ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí Paris á wo awo wàrà náà, á ní òwò bín-íntín ni, pé àwọn obìnrin wa kò láyà láti dá iléeṣẹ́ ńlá. Èmi tó ti wo ìwé òwò wọn mọ̀ pé àyà kọ́ ni wọn ò ní. Wọ́n ti yan iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kì í sùn síta, nítorí owó tó bá sùn síta lọ́wọ́ wọn, owó olówó ni, èlé sì ń gun orí rẹ̀.

Mo ti wá ń fi bí owó ṣe ń tètè padà dá àwọn àrà tuntun tó dé ìlú yìí lẹ́jọ́, kì í sì í sábà já mi kulẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2010 tí MTN ti gbé MoMo, owó orí fóònù, dé Bẹ̀nẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́ nítorí pé owó tó máa ń gba ọjọ́ méjì nínú àpò awakọ̀ láti Malanville ń dé kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ tó pa fóònù. Zémidjan, alùpùpù akérò, gbilẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni owó rẹ̀ ń wọlé tí a sì ń dá a padà fún ẹni tó ni alùpùpù. Songhaï náà, tí Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican, dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní ọdún 1985, tó sì ní oko ní Parakou níbí, ọgbọ́n kan náà ló ń ta ní ọ̀nà mìíràn. Ìdọ̀tí adìyẹ ń bọ́ ìdin, ìdin ń bọ́ ẹja, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná. Àwọn àlejò máa ń yà á ní fọ́tò nítorí àyíká. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀ sọ ohun mìíràn fún mi: ohun kan máa ń ṣeé tà ní ọ̀sẹ̀ yìí nígbà tí òmíràn ṣì ń dàgbà.

Àmọ́ ìlú kò lè fi òwò ojúmọ́ nìkan dàgbà. Kajú, òrí àti òwú ló gbé owó ńlá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń béèrè ìdúró. Àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìgbà tí èso náà ń jábọ́ ni àká oúnjẹ ń gbẹ, nítorí náà wọ́n ń tà á ní iye tó bá wá, fún ẹni tó máa gbé e dúró di ìgbà tó máa gbówó lórí.

Ẹnì kan á ní, àjọ ńkọ́? Àjọ dára, èmi náà ń dá a. Ṣùgbọ́n àjọ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ìgbà tí oníkálukú ń fẹ́ owó yàtọ̀: ẹnì kan ń ṣe ìkómọ lóṣù yìí, ẹlòmíràn ń san owó ilé ẹ̀kọ́ lóṣù kẹsàn-án, ẹlòmíràn ń kọ́lé. Kajú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, gbogbo ẹni tó wà nínú àjọ náà ló ń fẹ́ owó lọ́jọ́ kan náà. Ní oṣù kẹfà, gbogbo wọn ló lówó, tàbí gbogbo wọn ló jẹ gbèsè. Owó tó bá máa dúró de kajú gbọ́dọ̀ wá láti ibi tí kajú kò ti ń so: lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu, lọ́dọ̀ ọmọ wa tó wà ní Libreville tàbí Paris, lọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ ní ọjà Dantokpa.

Owó yẹn wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí. Ní ọdún 2010, ICC Services, tó ń ṣèlérí èlé tí kò sí òwò tó lè mú un wá, dojú dé, ó sì kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù sẹ́fà tó jẹ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Tíṣà wà nínú wọn, ìyálọ́jà wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà nínú wọn. Ìtìjú ni gbogbo ìlú fi ń sọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń bú àwọn tó fi owó sí i ní olójúkòkòrò. Èmi ò bú wọn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tí ìwé ètò ń pè ní aláìní ti ní owó tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa fi sí. Olè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òwú nìkan ni irè tí ètò owó rẹ̀ bá àsìkò mu lọ́dọ̀ wa. Àgbẹ̀ òwú ń gba irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò láìsanwó lójú ẹsẹ̀. Tó bá kórè, wọ́n á yọ gbèsè rẹ̀ kí wọ́n tó san ìyókù fún un. Mo mọ àléébù rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dúró fún gbèsè ara wọn, alákíkanjú máa ń sanwó fún ọ̀lẹ, àwọn abúlé kan sì pín sí méjì lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ètò yìí ló wà lẹ́yìn òkìkí òwú Bẹ̀nẹ̀, tó kọjá 700,000 tọ́ọ̀nù ní àsìkò 2019 sí 2020, tó sì fi wá sí iwájú ní Áfíríkà. Òwú kò sanwó ju kajú lọ lọ́wọ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì le jù. Àgbẹ̀ ń gbìn ín nítorí pé òun nìkan ni irè tí owó ti ń dé ṣáájú òjò.

Ìjọba ti wá gba ọ̀nà mìíràn sí kajú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti fi òfin de kíkó kajú oníèèpo jáde. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ kí ó máa là á sì wà ní GDIZ, ní Glo-Djigbé, nǹkan bí kìlómítà 45 sí Kútọnu, ọgbà iléeṣẹ́ 1,640 hẹ́kítà tí Bẹ̀nẹ̀ àti ARISE IIP dá pọ̀ ṣe. Mo ti lọ wò ó. Ó wú mi lórí, n kò ní purọ́: ọ̀nà tó dán, iná tó ń jó, aṣọ tí wọ́n ń fi òwú wa rán. Àwọn tó ṣe é ti yanjú ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀, fún ara wọn. Wọ́n ní owó tó lè dúró. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé kóró ń ti ìhà wa sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 400 kìlómítà kó tó rí ẹni tó máa là á, iṣẹ́ obìnrin tó wà nínú rẹ̀ sì ń bá a lọ. Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí òfin bá dín àwọn olùrà kù, ẹni tó kù ń rà bó ṣe wù ú, àyàfi tí àgbẹ̀ bá lè sọ pé òun kò tà lónìí. Àgbẹ̀ tí kò lè dúró kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Chikandou sí Nàìjíríà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rìn ín lóru.

Mozambique rìn ní òdìkejì ọ̀nà yìí. Ní àwọn ọdún 1990, lábẹ́ ìmọ̀ràn Báńkì Àgbáyé, wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà fún kajú oníèèpo láti máa jáde, wọ́n ní iye á dára fún àgbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ti ara wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ padà sílé, èrè tó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìbáà ṣe pé a ṣí ẹnu ọ̀nà tàbí pé a tì í, ẹni tí owó rẹ̀ lè dúró ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí owó yíyá ọlọ́jọ́ kúkúrú fi léwu ní ìlú bíi tiwa, tó wà lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ títí di ìparí ọdún 2020. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, ibodè Malanville wá di títì, tírélà sì tò bí odi. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ẹrù pàdánù díẹ̀, ó sì dúró. Ẹni tó fi owó tó yá fún oṣù mẹ́ta ra ẹrù, ọjọ́ gbèsè rẹ̀ pé nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí afárá ibodè. Mo mọ ẹni tó ta ilé rẹ̀ lórí àlùbọ́sà.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, wọ́n gbọ́n, wọ́n sì yára. Láti ọdún 2020 ni èèyàn ti lè forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí monentreprise.bj láàárín wákàtí díẹ̀. UNCTAD tilẹ̀ sọ ní 2021 pé kò síbi tó yá tó Bẹ̀nẹ̀ láyé lórí èyí. Wọ́n á gbé ìwé iléeṣẹ́ wọn wá fún mi kí inki rẹ̀ tó gbẹ, wọ́n á ní ẹ̀rọ kan wà ní Ṣáínà tí wọ́n ti rí lórí fóònù. Mo máa ń bi wọ́n ní oṣù wo ni owó wọ́n máa jáde àti oṣù wo ló máa padà. Àwọn tó lè dáhùn kò pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n rí.

Ọ̀nà kan wà tí mo gbà pé ó yẹ ká dán wò kí a tó ra ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n ń pè é ní warrantage, ilẹ̀ Niger ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, a sì ti ń ṣe é lórí àgbàdo àti sóyà ní àwọn abúlé kan lókè ọ̀hún. Àgbẹ̀ á kó irè rẹ̀ sínú sítọ́ọ̀ abúlé, àgádágodo méjì á wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ti èkejì lọ́wọ́ ayánilówó. Irè náà fúnra rẹ̀ ni ìdógò, a ò béèrè ilé. Àgbẹ̀ gba apá kan nínú iye rẹ̀ lówó, ó bójú tó ilé, ó sì tà nígbà tí ọjà bá dára. Lórí àgbàdo, ó rọrùn, nítorí pé a mọ̀ pé ó máa ń wọ́n ní àsìkò òjò. Kajú ṣòro jù. Iye rẹ̀ kò tẹ̀lé òjò wa, ọjà Vietnam àti Amẹ́ríkà ló ń darí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ní oṣù kẹsàn-án, kóró tó wà ní sítọ́ọ̀ kò tó iye tí a rà á mọ́. Tí kò bá sì gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò, KOR rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ọmọ kajú gidi tó ń jáde nínú àpò 80 kílò, á lọ sílẹ̀. Kò sí ayánilówó tó lè fi èlé kékeré gba irú ewu bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí owó ìrànwọ́ lọ. Kí owó tó ń ra ẹ̀rọ lọ́dọọdún, tí púpọ̀ nínú wọn ń dípẹtà lẹ́yìn ilé, wá gba àdánù àkọ́kọ́: bí iye kajú bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, òun ni yóò san án, ohun tó bá lé ni ti báńkì àti ẹgbẹ́. Kí a ṣe é fún ọdún mélòó kan, ní sítọ́ọ̀ mélòó kan, ní Parakou, ní Tchaourou àti ní N'Dali, kí a sì máa kọ ìwọ̀n, KOR, iye àti ọjọ́ ìsanpadà sílẹ̀ fún àpò kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé kò sí mínísítà tó fẹ́ wá gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu sítọ́ọ̀ tó kún fún kóró. Ṣùgbọ́n báńkì kan ní Kútọnu tó bá ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àsìkò mẹ́ta kò ní béèrè ìwé ilé mọ́, èlé tó máa dá fún ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Tourou tàbí Guéma, ní Parakou níbí, lè wá sún mọ́ èyí tó ń dá fún àwọn tó wà ní Glo-Djigbé.